Àkọlé Orí Súwíìṣì Inú Bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́

  Àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ láàárín wa, a bá wọn yọ̀. Ìyá ìbejì wa tí ó wà ní Diobu, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run yóò dá wọn sí, yóò sì fi àǹtètè-tà wọ́n ṣe ti ìdera. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Ọlọ́run yóò dáwọ́ ibi dúró. Orúkọ gbogbo wọn wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀ lé èyí, nítorí náà n kò ní tún wọn kà níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Gbogbo wa tí a wà ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó kọjá ni a mọ̀ pé nǹkan bí wákàtí kan ni a fi jiyàn lórí àkọlé tí ó yẹ kí a fi sí orí súwíìṣì inú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, tí ìpàdé sì túká láìfẹnu kò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni ti súwíìṣì nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni bọ́ọ̀sì wa. Ó ti sin ẹlòmíràn lókè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ sì ti pa púpọ̀ rẹ́ nínú àmì tí wọ́n fi sí ara dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwa náà fi tiwa kún un. Oníwáyà so fáànù mọ́ ọn nítorí ooru. Ó so iná inú ọkọ̀, ó so iná kùrukùru, ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún orin àti ìkéde. Nígbà tí súwíìṣì iná iwájú ti àtijọ́ jóná, ó so iná iwájú pàápàá mọ́ súwíìṣì tuntun. Súwíìṣì mẹ́jọ ni ó tò sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ìlà kan. Dúdú ni gbogbo wọn, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, kò sì sí èyí tí ó ní orúkọ nínú wọn.

Dírẹ́bà wa àgbà mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá a dúró, tí a sì háyà dírẹ́bà mìíràn láti gbé àwọn ìyá wa lọ sí ilé fún ìsìnkú, ọ̀ràn dé. Ní òru, lójú títì East-West, nígbà tí wọ́n ti kọjá Ahoada, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ní kí dírẹ́bà bá wọn tan fáànù. Ó nawọ́ sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tẹ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Iná iwájú ni ó kú. Ọkọ̀ ń sáré, òkùnkùn ṣú biribiri, tírélà kan sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n: ọkùnrin náà kò gbé ìka kúrò, ó tún un tẹ̀ padà, iná sì tàn. Ìyá kan sọ fún mi pé títí wọ́n fi dé Patani, kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ fáànù.

N kò rí ẹ̀bi dírẹ́bà náà. A kò lè bá ènìyàn wí pé kò ka ohun tí a kò kọ.

Ní reluwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀ràn yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Port Harcourt níhìn-ín, ó sì dé Enugu ní ọdún 1916. Ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a jogún. Nínú ilé sígínà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́fà irin gígùn lè tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlà kan, gbogbo wọn dọ́gba bí ọmọ ìyá. Bí ọwọ́ bá ṣì lórí ọ̀kan, ọkọ̀ ojú irin méjì lè forí gbárí. Nítorí náà wọ́n fún lẹ́fà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ara àwo kékeré, wọ́n sì tún kun ún ní ọ̀dà: pupa fún sígínà tí ń dá ọkọ̀ dúró, yẹ́lò fún sígínà ìkìlọ̀ tí ó wà lókèèrè, dúdú fún ibi tí irin ti ń yà, búlúù fún èyí tí ń ti ibi ìyà náà pa, funfun fún èyí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọn kò fi ẹ̀mí ènìyàn sí ọwọ́ ẹni tí ó bá ṣèèṣì rántí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo rò pé a ní láti dáhùn. Àkọ́kọ́, kí ni a ó kọ? Èkejì, báwo ni yóò ti tóbi tó, àwọ̀ wo ni yóò sì ní? Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dá ìpàdé rú: ọ̀nà wo ni a ó gbà kọ ọ́?

Lórí ohun tí a ó kọ, àwọn àgbà ní Yorùbá ni kí ó jẹ́, nítorí ẹgbẹ́ Yorùbá ni ó ni ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí dírẹ́bà. Èrò tèmi ni pé kí àwòrán ṣáájú. Ilẹ̀ Ikwerre ni a ń gbé. Dírẹ́bà tí a bá háyà lọ́la lè jẹ́ Ikwerre, ó lè jẹ́ Ogoni, ó lè jẹ́ Ìgbò tàbí Ìjọ. Bí a bá kọ Yorùbá nìkan, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀ bí ẹni pé a kò kọ nǹkan kan, àwọn ìyá wa ni yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àjọ tí ń to òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé, ISO, ti ya àwòrán fún gbogbo súwíìṣì ọkọ̀ sínú ìwé wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2575. Àwọn àwòrán náà ni gbogbo dírẹ́bà ń rí lójoojúmọ́: iná iwájú tí ó rí bí ìlàjì ọsàn tí ìtànṣán ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, wáípà tí ó rí bí apá tí ń nu gíláàsì, fáànù tí ó ní abẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọ Sókótó àti ọmọ Calabar, ọ̀kan náà ni wọ́n ń kà á.

Lábẹ́ àwòrán ni kí Yorùbá wà. Mo fara mọ́ àwọn àgbà níbi yìí. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Port Harcourt, inú bọ́ọ̀sì yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rí Yorùbá tí a kọ sí ara nǹkan tí ń ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí Bíbélì àti ìwé orin. Ọmọ tí ó bá jókòó lẹ́yìn dírẹ́bà láti ibí dé Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti ka àkọlé mẹ́jọ náà ní àkàtúnkà kí ó tó dé ilé.

Ṣùgbọ́n bí a ó bá kọ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ pé. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì náà nígbà tí a kọ́kọ́ rà á: OKO EGBE. Oníṣẹ́ lẹ́tà náà yọ gbogbo àmì dànù, ó ní wọn kì í jẹ́ kí lẹ́tà dọ́gba. Àwa mọ̀ pé ỌKỌ̀ ẸGBẸ́ ni. Àlejò tí kò mọ̀ lè kà á sí oko ègbé, kí ó sì máa ṣe kàyéfì irú oko tí a ń dá ní Port Harcourt. Kíkà mìíràn tún wà tí n kò jẹ́ kọ síwájú àwọn ìyá wa. Ní ọdún 1875 ni àwọn àgbà C.M.S. péjọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń tún un tò títí di ọdún 1974, tí ìjọba fọwọ́ sí èyí tí a ń lò ní ilé ìwé. Wọn kò fi àmì wọ̀nyí ṣe ọ̀ṣọ́. Epo ni a ń rà sínú ọkọ̀, èpò ni a ń ro lóko.

Kí a má sì lọ wá ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ tí dírẹ́bà kò gbọ́ rí. Ẹnì kan ní ìpàdé fẹ́ kí a pe fáànù ní abẹ̀bẹ̀ amúnitutù. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ààyè kà á nígbà tí ọkọ̀ ń sáré? FÁÀNÙ ni gbogbo wa ń pè é, FÁÀNÙ ni kí a kọ.

Lórí bí yóò ti tóbi tó, òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn oníṣẹ́ lẹ́tà máa ń lò: wọ́n á wọn jíjìnnà láti ojú dé ibi àkọlé, wọ́n á sì pín in sí 200. Láti ojú dírẹ́bà dé abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70. Bí a bá pín in sí 200, gíga lẹ́tà kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 3 àti ààbọ̀. Nítorí pé ọkọ̀ ń mì, tí ọ̀nà wa kò sì dán, mo ní kí a lo mílímítà 5. Kí a sì fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ fún àmì. Ní ti àwọ̀, funfun lórí dúdú ni ó yè lójú jù ní òru. Pupa lórí dúdú lẹ́wà ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó di òkùnkùn lórí òkùnkùn. Kí ojú rẹ̀ má sì máa dán, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ta padà sójú awakọ̀.

Wàyí o, ọ̀nà tí a ó gbà kọ ọ́. Ẹ rántí ibi tí a ń gbé kí ẹ tó yàn. Òjò Port Harcourt kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Bí oòrùn bá sì jàjà yọ, dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí a pa gíláàsì rẹ̀ dé lè gbóná kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Láti ìparí ọdún 2016 ni èérí èéfín dúdú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé ilé àti ọkọ̀ ní ìlú yìí, tí ó fi jẹ́ pé nínu ni a ń nu nǹkan ṣáá. Àkọlé tí kò bá lè fara da ooru, ọ̀rinrin àti àkísà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni bùrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà. Àwọn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ara bọ̀lẹ̀kájà ayé ìjelòó, lára Bedford onípákó, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, a kò lè gbàgbé wọn. Ara ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà ti dára, níbi tí lẹ́tà ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí a bá ní kí wọ́n kọ lẹ́tà mílímítà 5, bùrọ́ọ̀ṣì kì í gbọ́ràn mọ́. Ike dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sì gba ọ̀dà tán; bí a kò bá kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á, kí a sì kun abẹ́ rẹ̀, yóò bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ọ̀nà kejì ni sítẹ́ńsù, èyí tí a fi ń kọ nọ́ńbà sí ara wágọ́nù. A ó gé lẹ́tà sí ara panu tẹ́ẹ́rẹ́, a ó gbé e lé nǹkan, a ó sì fọ́n ọ̀dà sí i. Ó yá kánkán, ó sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ní ihò nínú, bíi O àti A, kò ṣeé gé láìfi afárá sílẹ̀. Bí ó bá sì kéré, ọ̀dà a máa yọ́ wọ abẹ́ panu, àmì ìsàlẹ̀ a sì di àbàwọ́n.

Ọ̀nà kẹta ni téèpù ike tí a fi ń tẹ lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ Dymo ní Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, láti ọdún 1958. A ó yí àgbá lẹ́tà, a ó sì fún ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí lẹ́tà bá ti ti ike sókè ni ike náà yóò ti funfun, nítorí pé ó nà. Kò gba ọ̀dà, kò gba táwádà. Àléébù rẹ̀ méjì: kò sí ẹ tàbí ọ lára àgbá náà, ká má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn, bí ooru bá sì mú un pẹ́, etí rẹ̀ á máa ká sókè.

Ọmọ rẹ̀ tí ó lajú jù ú lọ ni téèpù tí ẹ̀rọ ń fi ooru tẹ̀. Àwọn kan wà lónìí tí a lè fi fóònù darí. Wọ́n ń kọ Yorùbá pé, bí fóònù bá ti ní lẹ́tà rẹ̀, wọ́n sì ń ya àwòrán. Èyí tí ó dára nínú wọn fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sí àárín ìpele ike méjì, tí àkísà kò fi lè nù ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun tí a lè yí padà. Ó kàn jẹ́ pé ojú dáṣíbọ́ọ̀dù wa rí ṣákaṣàka, lẹ́ẹ̀ kì í sì di ojú bẹ́ẹ̀ mú dáadáa.

Ọ̀nà kẹrin ni sítíkà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jà fún. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ bánà ni a ti ń ṣe é, kò wọ́n, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni. Oríṣi kan, ẹ̀rọ a máa gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ nǹkan. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá níbẹ̀: àmì abẹ́ ọ di ẹyọ kan fúnra rẹ̀, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, àmì náà á bá àkísà lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ỌKỌ̀ ẸGBẸ́ yóò tún fi di ohun tí a ń sá fún. Bí a bá fẹ́ lo sítíkà, oríṣi kejì ni kí a lò, èyí tí a tẹ ọ̀rọ̀ àti àmì rẹ̀ pa pọ̀ sí ara ẹyọ kan.

Ọ̀nà karùn-ún ni òòlù àti lẹ́tà irin. A ó gbé lẹ́tà irin lé pẹlẹbẹ idẹ, a ó sì lù ú, bí a ti ń lu nọ́ńbà sí ara ṣásíìsì. Òun ni kò ní kú láé. Àpótí lẹ́tà náà kì í ní àmì Yorùbá, ṣùgbọ́n irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yóò lu àmì ìsàlẹ̀, kíséèlì kékeré yóò sì lu àmì ohùn. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọ̀ kan náà ni lẹ́tà àti ojú idẹ. Ní òru, fífọwọ́pa ni a ó máa fi kà á.

Ọ̀nà kẹfà ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yàn: kí a fín in. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀yọ́ wá, ẹ mọ igbá fínfín. Oníṣẹ́ igbá kì í kun igbá kí funfun tó yọ. Èèpo òkè ni ó ń fi ọ̀bẹ gé kúrò, funfun inú igbá a sì hàn. Bí ẹ bá lo igbá náà fún ogún ọdún, ẹ kò lè fọ iṣẹ́ ọnà náà kúrò, nítorí pé ara igbá ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ike onípele. Ilé iṣẹ́ Metropolitan-Vickers ní Trafford Park, nítòsí Manchester, ni ó gbé irú rẹ̀ kan jáde ní ọdún 1927, wọ́n sì sọ ọ́ ní Traffolyte. Òkè rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun. Ẹ̀rọ yóò gé dúdú kúrò, lẹ́tà funfun yóò sì yọ. Lónìí, iná lésà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gé e. Àwọn tí ń ṣe báàjì orúkọ àti àwo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ń ṣe é láàárín ìlú níhìn-ín. Ohunkóhun tí a bá yà sínú kọ̀ǹpútà ni yóò gé: àwòrán, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Súkúrù kékeré méjì ni a ó sì fi kàn án mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó rẹ̀ pọ̀ ju ti sítíkà lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ó san án, àwo kékeré mẹ́jọ péré sì ni. Wọ́n lè jẹ́: INÁ IWÁJÚ, INÁ KÙRUKÙRU, INÁ INÚ ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, FÁÀNÙ ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, HỌ́Ọ̀NÙ, àti GBOHÙNGBOHÙN.

Ọ̀rọ̀ kan kù, mo sì rò pé ó ju àkọlé lọ. Kí oníwáyà yọ súwíìṣì iná iwájú kúrò láàárín àwọn yòókù, kí ó gbé e lọ sí ọwọ́ òsì dírẹ́bà, kí ó sì fi irú tí orí rẹ̀ yàtọ̀ sí i, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Kí ó so gílóòbù kékeré kan sókè àwọn yòókù, tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí wọn. Àkọlé tí a kò rí ní òru, ojúmọmọ nìkan ni ó wà fún, òru sì ni a sábà ń lọ.

Àbá mi ni pé kí ìpàdé tí ń bọ̀ yan ẹni méjì, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, kí wọ́n lọ béèrè iye owó níbi mẹ́ta, kí wọ́n sì mú àwo kan wá kí gbogbo wa rí i. Kí olùkọ́ kan nínú wa ka Yorùbá rẹ̀ wò kí ẹ̀rọ tó gé e, nítorí pé ohun tí a bá fín kò ṣeé parẹ́. Kí dírẹ́bà wa àgbà náà wà níbẹ̀; a dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń mókun. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí bọ́ọ̀sì yóò tún gbé àwọn ará wa lọ sí ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ti fi orúkọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn àwo náà ti wà lára ọkọ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Ẹni tí ó bá ní èrò mìíràn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Ẹ bá mi kí ará ilé o. Ó dìgbà.